Igbó Tí Iná Ń Bọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣàbẹ̀wò sí Big Thicket Kó sì Gbin Páìnì

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ igbó páìnì ní Big Thicket, ní ìhà ìlà-oòrùn Texas, igi mẹ́ta ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Koríko ni mo pè wọ́n. Ìdì ewé tútù kan báyìí ni, tó jókòó sílẹ̀ bíi bẹẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń mú wa kiri rọra fà mí lápá, ó ní igi ni mo dúró lé, pé ó ṣeé ṣe kó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí mo bá mú lọ pé kó wo ilẹ̀ dáadáa kó tó gbẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé Houston àti agbègbè rẹ̀ ni mo kọ èyí fún jù, torí àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà náà ò sì jìn, bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ fi ń dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó ìwọlé. Owó tí à ń ná síbi eré ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo tó ra epo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò

Igi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni páìnì eléwé gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní longleaf. Ewé rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, ó máa ń gùn tó íǹṣì 8 sí 18. Nígbà kan, ilẹ̀ tí igi yìí bò láti Virginia títí dé ìlà-oòrùn Texas tó mílíọ̀nù 90 éékà. Àwọn agégi gé e ṣe pákó, wọ́n sọ ilẹ̀ ibòmíràn di oko, wọ́n gbin páìnì tó ń yára dàgbà sí ibòmíràn, lẹ́yìn náà ni ìjọba tún ní kí iná má jó inú igbó mọ́. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000, ohun tó ṣẹ́ kù ò ju bíi mílíọ̀nù 3 éékà. Gbígbìn tí àwọn èèyàn ń gbìn ín padà ló jẹ́ kó tó mílíọ̀nù 5 báyìí.

Àṣìṣe pípa iná yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni yóò jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe yé yín. Ẹni tó bá dàgbà ní Ṣakí, ní Ìgbòho tàbí ní Kíṣí kò ní bá mi jiyàn. Ọ̀dàn ni ibẹ̀. Ọdọọdún ni iná ń jó o nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, síbẹ̀ igi èmi àti igi igbá dúró gbọn-in, torí èèpo ara wọn nípọn. Bí páìnì eléwé gígùn ṣe rí gan-an nìyẹn. Orúkọ ibẹ̀, Big Thicket, ń jẹ́ kéèyàn rò pé igbó kìjikìji ni gbogbo rẹ̀. Apá kan rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí páìnì yìí bá wà, ọ̀dàn ni: igi gíga tó jìnnà síra wọn, oòrùn ń ráyè wọlé, koríko àti òdòdó sì bo ilẹ̀.

Ọmọ iná là á rán síná. Páìnì yìí ti múra sílẹ̀ fún un láti kékeré. Lẹ́yìn tó bá hù, kì í ga. Ó lè fi ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà míì ju méje lọ, jókòó bíi koríko, kó máa ti gbòǹgbò bọlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ tó dì gìrìgìrì ló fi wé ọ̀mùnú rẹ̀ mọ́ àárín. Bí iná bá dé, etí ewé á jó, ọ̀mùnú á yè. Ọjọ́ tí gbòǹgbò bá wá tó gbẹ́kẹ̀ lé, igi náà á ta sókè, ó lè fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ga láàárín ọdún kan, bí ẹni pé ó fẹ́ gbé orí rẹ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ iná ń tó. Èso rẹ̀ náà nílò iná: bí ewé gbígbẹ bá bo ilẹ̀, kóró kì í rí erùpẹ̀ fara kàn, kò sì ní hù.

Bí iná ò bá wá fún ọdún mẹ́wàá, igi míì á gorí rẹ̀. Ní Texas, yaupon ló máa ń kọ́kọ́ dé, igi kékeré tó ń so èso pupa wẹ́wẹ́, tó sì máa ń dì mọ́ra bí ọgbà. Ọmọ páìnì tó jókòó sílẹ̀ á wá wà nínú òkùnkùn, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mọ̀ọ́mọ̀ sun ibẹ̀, ní bíi ọdún méjì sí mẹ́rin síra. Mànàmáná ló ń dá iná yìí láyé àtijọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà sì ń dá a kí òyìnbó tó dé.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ?

Bí ó bá jẹ́ ìrìn àjò wíwò lásán, ẹ lọ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Òdòdó á ti yọ, ooru ò sì tíì le. Bí ó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́ gbìn, ìgbà òtútù ni, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, torí igi máa ń sinmi nígbà náà, ilẹ̀ sì máa ń tutù. Oṣù keje àti ìkẹjọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Mo lọ nígbà kan ní oṣù kẹjọ pẹ̀lú àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ó ní ṣé nítorí èyí ni òun ṣe gba físà.

Bí ẹ ṣe máa wá ẹni tí yóò mú yín kiri

Big Thicket wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1974 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun àti Big Cypress ní Florida ló sì kọ́kọ́ gba irú oyè tí wọ́n fún un, ìyẹn national preserve. Kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo tó so pọ̀. Ó pín sí ọ̀pọ̀ apá tó fọ́n ká. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ má kàn tẹ orúkọ ẹ̀ sínú fóònù kí ẹ máa lọ. Ibi àkọ́kọ́ ni ilé ìgbàlejò wọn, níbi tí ọ̀nà US 69 àti FM 420 ti pàdé, ní àríwá ìlú Kountze. Láti Houston, ẹ gba I-10 dé Beaumont, kí ẹ wá yà sórí 69, kí ẹ máa lọ sí àríwá.

Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ béèrè ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ọgbà yóò mú èèyàn rìn. Bí ẹ bá pọ̀, bíi ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ sọ iye yín àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Ẹ má sọ pé èèyàn mẹ́wàá kí ẹ wá kó ogójì dé pẹ̀lú kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù. Èyí ò yàtọ̀ sí ìnáwó tí à ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún yín. Kí àwọn ọmọdé béèrè ìwé Junior Ranger ní ilé ìgbàlejò; bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀ tán, wọ́n á búra fún wọn, wọ́n á sì fún wọn ní báàjì. Ọmọ tó ti ń sùn nínú ọkọ̀ á jí.

Bí ẹ bá fẹ́ rìn fúnra yín, ọ̀nà méjì ni mo máa ń dárúkọ. Èkínní ni Sundew Trail, tó jẹ́ bíi máìlì kan, tó gba inú ọ̀dàn páìnì gan-an. Èkejì ni Pitcher Plant Trail, tó kúrú, tí wọ́n sì to pákó sí apá ibi tó ní ẹrọ̀fọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí ewéko tó ń jẹ kòkòrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lóràá, nítorí náà ewéko wọ̀nyí ń wá oúnjẹ wọn lára eṣinṣin. Ọ̀kan ká ewé rẹ̀ bí akèrègbè tóóró. Kòkòrò á yọ̀ wọnú rẹ̀, kò ní lè jáde. Èkejì kéré bí bọ́tìnì, ó pupa, ó ní omi tó ń lẹ̀ bí àtẹ lórí irun ewé rẹ̀, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó tó rí i. Irú mẹ́rin nínú irú márùn-ún ewéko báyìí tó wà ní Àríwá Amẹ́ríkà ló wà ní Big Thicket. Bí iná bá sì dẹ́kun, igi á bo àwọn náà.

Ẹyẹ kan tún wà tó ń gbé inú páìnì, àkókó tí wọ́n ń pè ní red-cockaded woodpecker. Ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ìhà àríwá Houston ni kí ẹ lọ, ní igbó ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ W. Goodrich Jones, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Conroe, tàbí Sam Houston National Forest tó wà lókè rẹ̀. Páìnì oríṣi míì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà wà. Àkókó ti wa ló ń lérí pé òun lè gbẹ́ pósí. Èyí gbẹ́ ilé gidi. Inú páìnì tó ṣì ń yè, tó sì ti darúgbó, ló ń gbẹ́ ihò sí, ó lè gbà á ju ọdún kan lọ. Bó bá ṣe é tán, á tún máa sọ ihò wẹ́wẹ́ yí i ká kí oje igi lè máa ṣàn sílẹ̀, kí ejò má bàa lè gùn ún. Ọdún 1970 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ parun. Ní 2024 ni wọ́n sún un kúrò ní ìpele tó burú jù lọ yẹn. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ wá igi tí wọ́n fi ọ̀dà yí nídìí, kí ẹ dúró jìnnà, kí ẹ dákẹ́.

Aṣọ àti ẹrù

Ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀wù alápá gígùn. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti rí ẹni tó wọ sálúbàtà wá, èèrà pupa ilẹ̀ Texas sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kúrò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Omi tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò lọ. Ìpara tàbí oògùn fífín fún eégbọn àti ẹ̀fọn. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejì, àwọn ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ máa ń wọ àwọn apá kan, nítorí náà ẹ wọ nǹkan tó ní àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ yòò, kí ẹ sì béèrè apá tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà.

Ewéko kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe bíi wèrèpè wa: ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń yọ, tàbí kó fà lọ sára igi bí okùn onírun. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Yíyún rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ gbígbìn

Láti di olùyọ̀ǹda ara ẹni, ẹ kàn sí ilé ìgbàlejò, tàbí kí ẹ wá orúkọ Big Thicket lórí volunteer.gov. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nílò ìbuwọ́lùwé òbí. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ẹ ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ká sòótọ́, mímọ̀ tí mo mọ iṣẹ́ oko ló kó bá mi, bí ẹ ó ṣe rí i.

Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ó rí ọmọ páìnì nínú àpótí, gbòǹgbò ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di mọ́ erùpẹ̀ bíi kárọ́ọ̀tì. Wọ́n á fún yín ní àpò kan àti irin gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní dibble: ó ga dé àyà, ó ní ibi ìtẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ pẹẹrẹ tàbí kó rí bíi kárọ́ọ̀tì yẹn náà. Méjì-méjì ni iṣẹ́ yìí dára jù, kí ọ̀kan máa gbẹ́hò, kí èkejì máa fi igi sí i. Tọkọtaya tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ṣe ń gbọ́ ara wọn yé, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ kó ìwọ̀nba tí ẹ lè gbìn láàárín bíi ìdajì wákàtí sínú àpò, kí ẹ bò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ pa gbòǹgbò tó bá wà níta. Ẹ má ṣe mú igi lọ́wọ́ kan kí ẹ máa bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ẹ ó fi rí erùpẹ̀. Ẹ fi irin náà gúnlẹ̀ lóòró, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ tó gígùn gbòǹgbò, ẹ mì í síwá sẹ́yìn díẹ̀, ẹ fà á yọ. Ẹ fi ọmọ igi sínú ihò náà kí gbòǹgbò rẹ̀ tọ́ sísàlẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ká sókè bí ìkọ́, ihò ò jìn tó nìyẹn, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un gún.

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Àwa ọmọ àgbẹ̀, bí a bá ti fi nǹkan sílẹ̀, a máa ń fẹ́ kó erùpẹ̀ bò ó dáadáa, ká tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ọkàn wa balẹ̀. Bí mo ṣe gbin bíi ogún igi àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó ń darí iṣẹ́ tẹ̀lé mi lẹ́yìn, kò bínú, ó kàn ń fi ìka gbẹ́ erùpẹ̀ kúrò lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mùnú páìnì yìí wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ewé, torí kò tíì ní ọ̀pá igi rárá. Bí erùpẹ̀ bá bò ó, ẹ ti sin ín láàyè. Bí òjò àkọ́kọ́ bá sì rọ̀, erùpẹ̀ yòókù á tún ṣàn wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí orí gbòǹgbò náà bá ilẹ̀ dọ́gba, tàbí kó yọ sókè díẹ̀ bí ìbú ìka ìkẹyìn. Bó bá wù yín pé kó jìn, ẹ gbé e sókè. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó yọ jù, torí gbòǹgbò tó bá wà níta á gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gún irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ní bíi íǹṣì mẹ́ta sí i, ẹ tì í síhà ọ̀dọ̀ igi kí erùpẹ̀ lè fún gbòǹgbò mọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Afẹ́fẹ́ tó bá kù nínú ihò ló ń pa á. Ẹ di ewé kan ṣoṣo mú, ẹ rọra fà á: bí ewé bá já, ó dáa, bí igi bá jáde, ẹ tún un ṣe. Aṣáájú iṣẹ́ ni yóò sọ bí ọ̀kan ṣe máa jìnnà sí èkejì. Ẹ má tò ó bí oko kòkó bí wọn ò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí omi bíbù o. Ìyàwó mi bi wọ́n léèrè ìgbà tí à ń bomi rin ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òjò ìgbà òtútù ni yóò ṣe é.

Àwọn ọjọ́ míì, gígé yaupon ni wọ́n máa fún yín ṣe. Wọ́n á fún yín ní àlùmọ́gàjí ńlá ọlọ́wọ́ méjì àti ìbọ̀wọ́. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, kí kùkùté má bàa gún ẹlòmíì. Igi àjèjì kan tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà, tallow, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gígé nìkan kì í pa á, àwọn òṣìṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ sì ni wọ́n ń fi oògùn sí kùkùté rẹ̀. Ẹ má bá wọn dá sí i.

Iná ńkọ́?

Ìbéèrè tí àwọn ọkùnrin wa máa ń béèrè ṣáá nìyí: "Ṣé a lè bá wọn sun ún?" Rárá, àfi tí ẹ bá kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wà lára àwọn tó ń sungbó fún ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa iná igbó, kó sì yege ìdánwò agbára: kó gbé ẹrù 45 pọ́ùn rin máìlì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú 45, láìsáré. Kí wọ́n tó ṣáná, wọ́n á wo afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin ojú ọjọ́, ibi tí èéfín máa gbà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan ò bá bá ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ mu, wọ́n á kó irin iṣẹ́ wọn padà sílé. Ẹ má fi ti ọdẹ ọ̀yà ṣe é. Ẹni tó bá ju sìgá sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ máa rí ọlọ́pàá ọgbà.

Ẹni tó ní ikọ́ fée kó béèrè bóyá wọ́n máa sungbó lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ padà lọ síbi tí wọ́n sun ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iná. Ilẹ̀ á ṣì dúdú, màjàlà á lẹ̀ mọ́ bàtà yín, ẹ ó sì rí ìdì ewé tútù láàárín eérú. Ibẹ̀ ni ojú máa ń mọ ọmọ páìnì jù, torí koríko gidi ò tíì padà dé tó bò ó.

Kí ẹ tó kúrò

Ẹ má mú ewé, èso tàbí òdòdó kúrò nínú ọgbà. Òfin kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ewé gígùn yẹn, kó lọ ra agbọ̀n tí wọ́n fi hun. Àwọn Alabama-Coushatta, ọmọ onílẹ̀ tí ilẹ̀ wọn wà láàárín Livingston àti Woodville, ni wọ́n ń hun ún láti ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ wọn mọ́ débi pé ẹ ó máa wá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Agbọ̀n kékeré kan wà lórí tábìlì mi báyìí, ìyá mi fẹ́ kó ìrù sínú rẹ̀, mo sì sá fún un.

Ẹ yọ bàtà lẹ́nu ọkọ̀, ẹ gbọn ún kí ẹ má bàa gbé kóró tallow lọ síbòmíràn. Ẹ yẹ abíyá, ẹ̀yìn etí àti ìdí orúnkún àwọn ọmọ wò fún eégbọn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti di mọ́ ara, ẹ fi ìmúrun mú orí rẹ̀ mọ́ awọ, kí ẹ fà á jáde lọ́gbọọrọ, ẹ má yí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, torí bí ibà tàbí ara sísú bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà yóò béèrè.